Fíìmù Ògùn Owó: Ìjìyà Ìgbẹ̀yìn Kò Pa Irọ́ Ìbẹ̀rẹ̀ Rẹ́

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé bá ń gé igi nínú igbó, àgbà ni ó mọ ibi tí igi yóò wó sí. Ní òpin oṣù kìn-ín-ní ọdún 2022, àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin kan gé irú igi bẹ́ẹ̀ ní àdúgbò Òkè-Àrẹ̀gbà ní ìlú Abẹ́òkúta, ọmọ ọlọ́mọ ni igi náà sì wó pa. Ẹ̀ṣọ́ àdúgbò ni ó fura sí wọn níbi tí wọ́n ti ń dáná sun orí ènìyàn nínú ìkòkò. Orí ọ̀dọ́mọbìnrin tí ó jẹ́ olólùfẹ́ ọ̀kan nínú wọn ni. Púpọ̀ nínú àwọn tí ọwọ́ tẹ̀ kò tí ì pé ọmọ ogún ọdún. Nígbà tí àwọn ọlọ́pàá fi wọ́n han àwọn oníròyìn, wọ́n ní ògùn owó ni àwọn fẹ́ fi ṣe, ọ̀kan nínú wọn sì ní orí Facebook ni òun ti rí bí a ti ń ṣe é.

Kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí a gbọ́ pé wọ́n fi ènìyàn ṣògùn ní orílẹ̀-èdè yìí. Ohun tí ó mú kí ọ̀rọ̀ náà yàtọ̀ ni olùkọ́ tí ọmọ náà dárúkọ. Kò dárúkọ adáhunṣe kan tí ó fara pamọ́ sínú igbó. Ẹ̀rọ tí gbogbo ọmọ ilé ń mú lọ́wọ́ láti òwúrọ̀ títí di òru ni ó dárúkọ. Láti ìgbà náà ni àríyànjiyàn ti bẹ́ sílẹ̀ lórí ẹni tí ó kọ́ àwọn ọmọ wọ̀nyí. Ṣé fóònù ni, àbí àwọn fíìmù tí ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn nínú wọn, tí ọmọ ti ń wò láti ìgbà tí ó ti ń rá?

ẸJỌ́ DÉ IWÁJÚ ÀWỌN ÒṢÈRÉ

Orí àwọn òṣèré ni ẹjọ́ náà kọ́kọ́ wó lé. Ní oṣù kejì ọdún 2022 kan náà, ilé ìgbìmọ̀ aṣojú-ṣòfin ní Abújá ké sí ìjọba àpapọ̀ pé kí ó kéde ọ̀ràn ìfènìyàn-ṣògùn gẹ́gẹ́ bí ọ̀ràn pàjáwìrì. Lai Mohammed, tí ó jẹ́ mínísítà fún ìròyìn àti àṣà nígbà náà, sì pàṣẹ fún àjọ tí ń yẹ fíìmù àti fídíò wò pé kí ó wá nǹkan ṣe sí àwọn ìran ògùn owó tí ó wọ́pọ̀ nínú fíìmù. Àjọ yìí, tí òfin ọdún 1993 gbé kalẹ̀, ni ó ń sọ ẹni tí fíìmù kọ̀ọ̀kan tọ́ sí: èyí tí tọmọdé tàgbà lè jọ wò, àti èyí tí ẹni tí kò tí ì pé ọdún 18 kò gbọdọ̀ fi ojú kàn.

Ní oṣù karùn-ún ọdún 2024, ọ̀rọ̀ náà tún gbóná. Shaibu Husseini tí ó jẹ́ olùdarí àgbà àjọ náà kéde ní Ẹnúgu pé òfin tuntun ti wà tí kò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ògùn owó, ìfènìyàn-ṣògùn tàbí sìgá mímu ṣe ohun àfihàn-yangàn nínú fíìmù, nínú fídíò orin, tàbí nínú àwọn eré kéékèèké tí ó kún orí ayélujára. Bí ìròyìn náà ti ń tàn kálẹ̀, ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn gbọ́ ni pé ìjọba ti fòfin de ògùn owó nínú fíìmù pátápátá. Àwọn kan pàtẹ́wọ́, àwọn kan fárígá. Àjọ náà sì ní láti ṣàlàyé pé òun kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má fi ìwà ibi hàn. Ohun tí òun kọ̀ ni kí a fi í hàn bí ohun iyì.

Àwọn òṣèré pàápàá kò ṣàìní àwíjàre. Wọ́n ní dígí ni fíìmù, ohun tí ìlú bá gbé síwájú rẹ̀ ni yóò fi hàn. Wọ́n ní ọmọ aráyé ti ń pa ara wọn nítorí owó kí sinimá tó dé. Lékè gbogbo rẹ̀, wọ́n ní kò sí afènìyàn-ṣògùn kan tí ó gbẹ̀yìn rere nínú fíìmù àwọn. Bí wèrè kò bá mú un ní àárín ọjà, ẹ̀mí ẹni tí ó pa yóò máa dà á láàmú títí yóò fi ka. Bí kò sì ṣe bẹ́ẹ̀, ọlọ́pàá yóò dè é lọ. Wọ́n ní ẹ̀kọ́ ni àwọn ń kọ́ni. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Nítorí náà, ó yẹ kí a gbé àwíjàre yìí wò dáadáa, kí a sì fi òṣùwọ̀n àṣà wọ̀n ọ́n.

ÒṢOGBO TI MỌ Ẹ̀RÙ TIPẸ́

Ìlú kan tí ó tọ́ kí a ti bẹ̀rẹ̀ ìwọ̀n náà ni Òṣogbo, nítorí ọ̀kan pàtàkì ni ó jẹ́ nínú àwọn ìlú tí eré orí ìtàgé Yorùbá ti gbilẹ̀. Ibẹ̀ ni Dúró Ládípọ̀ ti kó ẹgbẹ́ òṣèré rẹ̀ jọ, tí Mbárí Mbáyọ̀ sì ti bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1962. Ibẹ̀ ni Kọ́lá Ògúnmọ́lá, ọmọ bíbí Òkèmẹ̀sí, wá fi ṣe ibùjókòó ẹgbẹ́ tirẹ̀. Ibẹ̀ náà ni Oyin Adéjọbí ti ń gbéra lọ ṣeré káàkiri ilẹ̀ Yorùbá. Ògúnmọ́lá fi ayé sílẹ̀ ní 1973, Ládípọ̀ ní 1978, Adéjọbí ní 2000, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú àwọn òṣèré tí a mọ̀ lẹ́yìn wọn, abẹ́ wọn ni wọ́n ti kọ́ṣẹ́.

Kò sí ẹni tí ó lè sọ pé àwọn baba wọ̀nyí kò mọ bí a ti ń dẹ́rù ba òǹwòran. Ọba Kò So, tí Ládípọ̀ gbé jáde ní ọdún 1963, kún fún ogun, iná àti ikú. Eré Ọ̀mùtí, tí Ògúnmọ́lá fà yọ láti inú ìtàn Amos Tutuola, kó òǹwòran lọ bá ẹni tí ó ti kú ní ìlú àwọn òkú. Bí a bá sì ro ìtàn Mọrèmi dáadáa, èyí tí Ládípọ̀ náà fi ṣeré, a ó rí i pé ó burú ju ọ̀pọ̀ fíìmù òde òní lọ: abiyamọ fi ọmọ kan ṣoṣo tí ó bí rúbọ sí odò. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ní ẹ̀jẹ̀ kò sí nínú eré àtijọ́ kò sọ òótọ́. Ẹ̀jẹ̀ wà níbẹ̀. Bí wọ́n ti lò ó ni ó yàtọ̀.

Àkọ́kọ́, àṣà mọ ìbòrí. Orúkọ eré Ọba Kò So fúnra rẹ̀ ìbòrí ni: ìtàn ní ọba so, àwọn ènìyàn rẹ̀ ń pariwo pé kò so. Bẹ́ẹ̀ ni èdè Yorùbá ti ń ṣe sí ikú láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Ọba kì í kú, ó ń wàjà ni. Àgbà kì í kú, ó ń papò dà ni. Ohun tí ojú kò gbọdọ̀ rí, ọ̀rọ̀ ni a fi ń bò ó mọ́lẹ̀. Ẹni tí ó bá ti dé ibi ọdún Ọ̀ṣun ní Òṣogbo rí kò nílò kí a ṣàlàyé èyí fún un. Arugbá yóò gba àárín èrò kọjá tòun ti igbá lórí, gbogbo ayé yóò máa wò ó, ṣùgbọ́n aṣọ bo igbá náà. Kò sí ẹni tí ó tìtorí pé igbá kò ṣí sílẹ̀ kí ó má bẹ̀rù. Ìbòrí náà gan-an ni ó sọ ẹ̀rù di ńlá.

Èkejì, ẹbọ inú ìtàn àtijọ́ kì í ṣe fún ikùn ẹnìkan. Mọrèmi kò fi Olúorogbo ra ọkọ̀ bọ̀gìnnì. Ilé-Ifẹ̀ ni ó fi gbà sílẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tí ń kó wọn lẹ́rú, ìtàn náà kò sì jẹ́ kí a gbàgbé omijé ìyá náà títí di òní. Kò sí ọ̀dọ́ tí ó lè ti ibi eré Mọrèmi dé ilé kí ó wí pé òun ti rí ọ̀nà tí ènìyàn ń gbà là.

Ẹ̀kẹta ni ẹ̀kọ́. Karin Barber, onímọ̀ ará Ìlú Ọba kan tí ó gbọ́ Yorùbá, bá ẹgbẹ́ Oyin Adéjọbí rìn ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, ó sì kọ ìwé ńlá lórí ẹgbẹ́ náà tí ó jáde ní ọdún 2000. Ohun kan tí ó tẹnu mọ́ ni pé ẹ̀kọ́ ni àwọn òǹwòran ń wá nínú eré. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń kígbe, ṣùgbọ́n eré kò tí ì parí lójú wọn títí tí wọn yóò fi rí ohun tí wọn yóò mú lọ sílé fún ìgbé ayé tiwọn. Ọ̀nà àlọ́ ni wọ́n ń tọ̀. Ìjàpá jalè, a sì rẹ́rìn-ín; ṣùgbọ́n kò sí ìyá àgbà tí ó jẹ́ kí ọmọ lọ sùn láìgbọ́ bí ẹ̀yìn Ìjàpá ti ṣe fọ́.

LÁTI ORÍ ÌTÀGÉ BỌ́ SÍNÚ FÍDÍÒ

Nígbà tí àwọn òṣèré bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìtàgé sílẹ̀ bọ́ sínú sinimá, ẹ̀rù bá wọn lọ. Hubert Ògúndé gbé fíìmù Ayé jáde ní ọdún 1979 pẹ̀lú Ọlá Balógun, Jáyésinmi sì tẹ̀ lé e. Èrò ń wọ́ tìrítìrí lọ wò wọ́n. Ìgbà náà ni àríwísí àwọn lámèyítọ́ ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní idán pọ̀ jù, wọ́n ní àjẹ́ pọ̀ jù, wọ́n ní irú fíìmù bẹ́ẹ̀ yóò mú kí àwọn ènìyàn máa di ẹ̀bi ohun gbogbo ru ayé. Àríwísí náà ní ìdí. Síbẹ̀, ìjà tí Ògúndé fi hàn, ìjà láàrin ẹni tí ń fi ògùn wo ìlú sàn àti ẹni tí ń fi ògùn ba ìlú jẹ́ ni. Òun fúnra rẹ̀ ni ó ṣe Ọ̀ṣẹ́túrá, babaláwo tí ó dúró fún rere. Owó kọ́ ni wọ́n ń du.

Ọdún 1992 ni ojú ọ̀nà yí padà. Kenneth Nnebue, oníṣòwò tí ó ti kọ́kọ́ ń náwó lé fídíò Yorùbá, gbé Living in Bondage jáde ní èdè Ìgbò. Nínú rẹ̀, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí kò rí ṣe láàrin ẹgbẹ́ rẹ̀ wọ ẹgbẹ́ òkùnkùn, ó fi ìyàwó rẹ̀ olóòótọ́ sílẹ̀ fún pípa, ó sì di olówó. Ẹ̀mí obìnrin náà kò fi í lọ́rùn sílẹ̀ títí tí ọpọlọ rẹ̀ fi dàrú. Fídíò náà tà bí ẹni pé wọ́n ń fi tọrọ. Nítorí pé fídíò kò náni lówó bíi sinimá, ẹni púpọ̀ ni ó tẹ̀ lé ipasẹ̀ rẹ̀, ní èdè Ìgbò, ní Yorùbá àti ní Gẹ̀ẹ́sì. Bí a bá wo ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó tẹ̀ lé e, a ó rí i pé ìgbádùn ń gùn sí i, ìjìyà ń kúrú sí i. Ilé alájà mẹ́ta, ọkọ̀ tí ń dán bí ojú dígí, ọ̀rẹ́ tí ń dọ̀bálẹ̀: ìwọ̀nyí ni ó gba púpọ̀ nínú àkókò òǹwòran. Nígbà tí ó bá ku díẹ̀ kí fíìmù tán ni ìyà ń sáré wọlé bí àlejò tí ilẹ̀ ṣú bá lọ́nà.

Ó tọ́ kí a rántí pé gbogbo ènìyàn kọ́ ni ìwà yìí dùn mọ́ nígbà náà. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1996, wọ́n pa ọmọkùnrin ọlọ́dún mọ́kànlá kan ní Ówẹ̀rì, àwòrán ọkùnrin tí wọ́n ká orí ọmọ náà mọ́ lọ́wọ́ sì jáde lórí amóhùnmáwòrán. Ìlú gbaná. Àwọn ènìyàn sun ilé àti ilé ìtajà àwọn olówó òjijì tí a kò mọ orísun ọrọ̀ wọn. Àwọn òṣèré lè tọ́ka sí ọ̀rọ̀ yìí pé ìwà náà wà ní ìlú kí fíìmù tó sọ̀rọ̀ rẹ̀, wọn kò sì purọ́. Ṣùgbọ́n ó tún fi nǹkan mìíràn hàn: ìlú tí kò bi olówó rẹ̀ léèrè ní àkókò, iná ni yóò fi bi í nígbẹ̀yìn.

ÌJẸ̀ṢÀ ÒṢÓMÀÁLÓ

Nípa ìbéèrè náà, ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ní ohun tí ó lè kọ́ gbogbo ọmọ Yorùbá. Oyè ọba Iléṣà fúnra rẹ̀, Ọ̀wá Obòkun, ìtàn iṣẹ́ ni. Ìtàn sọ pé ojú Odùduwà fọ́, wọ́n sì ní omi òkun ni yóò là á. Nínú gbogbo ọmọ rẹ̀, Ajíbógun ni ó gba ìrìn àjò náà, ó lọ, ó pẹ́, ó sì bu omi òkun bọ̀. Nígbà tí ó dé, àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti pín ogún lọ. Ẹni tí ó bu òkun kò fi ẹnikẹ́ni rúbọ kí ó tó ní iyì. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ni ó fi wá a, gbogbo ayé sì mọ ibi tí ó lọ.

Irú ọgbọ́n kan náà ni ó wà nínú orúkọ tí a fi ń pe Ìjẹ̀ṣà títí di òní. Lẹ́yìn tí ogun Kírìjì parí, tí ọ̀nà sì là, àwọn ọkùnrin Ìjẹ̀ṣà di aṣọ lérù, wọ́n ń kiri rẹ̀ láti abúlé dé abúlé, wọ́n sì ń tà á ní àwìn. Bí ọjọ́ owó bá pé, alágbàtà náà yóò wá sí ilé ajigbèsè, yóò lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà, yóò sì sọ pé òṣó ni òun yóò ló títí òun yóò fi gba owó òun. Bí wọ́n ṣe di òṣómàáló nìyẹn. Àwọn kan fi ṣe ẹ̀fẹ̀, àwọn kan fi bú wọn, ṣùgbọ́n orúkọ náà gbé ẹ̀rí kan lọ́wọ́. Bí o bá rí ilé pẹ́tẹ́ẹ̀sì tí òṣómàáló kọ́ sí Iléṣà, o mọ ohun tí ó fi kọ́ ọ. Aṣọ ni. Ìrìn ni. Ìlóṣòó ni. Kò sí ẹni tí ó ní láti kọ ẹnu sí ara wọn létí.

Nínú àṣà Yorùbá, ọrọ̀ tí kò ní ìtàn kì í ní iyì. Ìdí nìyí tí àwọn àgbà fi ní ẹni tí ó jalè lẹ́ẹ̀kan, bí ó bá dàrán borí, aṣọ olè ni ó dà bora. Òwe náà kò kàn sọ pé ìyà yóò jẹ olè. Ohun tí ó sọ jìn ju bẹ́ẹ̀ lọ: àrán náà gan-an kì í ṣe àrán. Ohun tí olè rò pé òun ní, kò ní in.

Níbí ni òṣùwọ̀n àṣà ti bá àwíjàre àwọn òṣèré. Wọ́n ní ìyà ń jẹ afènìyàn-ṣògùn ní ìgbẹ̀yìn fíìmù àwọn. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n kí ìyà náà tó dé, fíìmù ti sọ irọ́ kan tí kò padà wá tú: ó ti sọ pé owó dé. Ó ti fi hàn pé a ka ọfọ̀, a gbé igbá, owó sì jáde wá ní bíńdìn-bíńdìn. Ẹ̀kọ́ tí ọmọ tí ebi ń pa lè rí mú níbẹ̀ ni pé ògùn náà ń ṣiṣẹ́. Gbèsè rẹ̀ nìkan ni ó le. Ọmọ tí ó bá sì rò pé òun gbọ́n ju ẹni tó wà nínú fíìmù lọ yóò máa ronú bí òun yóò ṣe gba owó kí òun sì sá fún gbèsè. Bẹ́ẹ̀, kò sí owó kankan. Láti ìgbà tí aláyé ti dáyé, kò sí ìkòkò tí orí ènìyàn wà nínú rẹ̀ tí náírà kan ti jáde rí. Ohun tí ó ń jáde níbẹ̀ ni òkú ọmọ ọlọ́mọ, àti ọ̀dọ́ tí yóò jẹ́jọ́ ìpànìyàn.

KÌ Í ṢE ILẸ̀ WA NÌKAN

Ilẹ̀ Yorùbá nìkan kọ́ ni irú àríyànjiyàn yìí ti wáyé. Nígbà tí fíìmù Friday the 13th jáde ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1980, èyí tí apànìyàn ti ń dọdẹ àwọn ọ̀dọ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú igbó, Gene Siskel, lámèyítọ́ ńlá ní Chicago, bínú débi pé ó ní kí àwọn òǹkàwé kọ lẹ́tà ìfẹ̀hónúhàn sí àwọn tí ó ṣe é. Owó gọbọi ni fíìmù náà pa, wọ́n sì ń ṣe òmíràn tẹ̀ lé e. Ní Ìlú Ọba, ariwo lórí fídíò ẹlẹ́jẹ̀ tí ọmọdé ń rí wò ní ilé pọ̀ títí tí wọ́n fi ṣe òfin ọdún 1984, pé kí a máa yẹ fídíò wò kí a tó tà á.

Lónìí, apànìyàn inú fíìmù òkèèrè náà ti dé orí ayélujára. Unfriended, tí ó jáde ní 2014, ojú kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo ni gbogbo ìtàn rẹ̀ wà, níbi tí ẹ̀mí ọmọbìnrin tí wọ́n fi fídíò dójú tì títí tí ó fi pa ara rẹ̀ ti ń gbẹ̀san. Nínú Spree ti ọdún 2020, awakọ̀ kan ń pa àwọn èrò inú ọkọ̀ rẹ̀ níwájú ẹ̀rọ ayàwòrán kí àwọn ènìyàn lè máa tẹ̀ lé e lórí ayélujára. Àwọn lámèyítọ́ kan yìn ín pé ó fi àìsàn ìgbà wa hàn wá. Àwọn mìíràn ní bí ẹni fi ẹ̀gàn bo ẹ̀jẹ̀ kí ó lè tà á ni. Ìyàtọ̀ kan wà láàrin tiwọn àti tiwa. Òǹwòran Spree mọ̀ pé wèrè ni awakọ̀ náà, kò sì sí ẹni tí ó gbàgbọ́ pé pípa èrò ọkọ̀ ń sọni di olókìkí tí ó ní láárí. Ọ̀pọ̀ òǹwòran tiwa gbà pé ògùn owó wà ní tòótọ́. Irọ́ tí a gbà gbọ́ tẹ́lẹ̀, fíìmù kàn ń fi èdìdì tẹ̀ ẹ́ ni.

FÓÒNÙ Ń GÉ ÌTÀN SÍ WẸ́WẸ́

Fóònù ni ó wá sọ ọ̀ràn náà di méjì. Ẹni tí ó san owó wọlé láti wo Adéjọbí ní gbọ̀ngàn jókòó títí eré fi tán, àwọn àgbà jókòó tì í, bí ìran kan bá sì rú u lójú, yóò gbọ́ àlàyé rẹ̀ ní ọ̀nà ilé. Ẹni tí ó yá kásẹ́ẹ̀tì fídíò wò ó ní pálọ̀ níwájú bàbá àti ìyá rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ń wo fóònù lábẹ́ aṣọ ìbora, òun nìkan ni. Fíìmù tí ó gùn tó wákàtí méjì ni a ti gé sí wẹ́wẹ́ fún un. Ìṣẹ́jú kan tí ọ̀dọ́mọkùnrin sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ olówó ńlá, tí orin ń dún lẹ́yìn rẹ̀, ni ó ń ti ọwọ́ bọ́ sí ọwọ́. Ìran tí wèrè ti mú un ní ọjà kò bá a rìn. Ìjìyà tí àwọn òṣèré fi ń ṣe àwíjàre, wọ́n ti gé e sọnù lójú ọ̀nà.

Ohun tí ọmọ Abẹ́òkúta sọ pé òun rí tilẹ̀ tún burú ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kò ní fíìmù ni òun wò. Ohun tí ó sọ, ìlànà lásán ni, bí ẹni ń kọ́ni bí a ti ń se ọbẹ̀. Kò ní ẹ̀dá ìtàn, kò ní ìyá tí ń sunkún, kò ní ìgbẹ̀yìn. Èyí ni àwọn tí ń di gbogbo ẹ̀bi ru fíìmù kò gbọdọ̀ gbójú fò. Àjọ tí ń yẹ fíìmù wò lè dá fíìmù dúró kí ó tó dé ilé sinimá. Kò sí ẹnu ọ̀nà tí ó lè dúró sí nínú fóònù. Ọ̀pọ̀ fíìmù Yorùbá pàápàá ti ń gba orí YouTube jáde lónìí, níbi tí ọmọ ọlọ́dún mẹ́wàá ti lè tẹ èyí tí ó bá wù ú.

OHUN TÍ ÀṢÀ BÈÈRÈ

Òfin dára, ṣùgbọ́n kò lè dá iṣẹ́ náà ṣe. Ti àwọn òṣèré àkọ́kọ́. Kò sí ẹni tí ó ní kí wọ́n má sọ̀rọ̀ ìwà ibi. Àwọn tí wọ́n jogún iṣẹ́ náà lọ́wọ́ wọn sọ ọ́. Ohun tí àṣà ń bèèrè ni kí wọ́n tú irọ́ náà láti ìbẹ̀rẹ̀. Fíìmù tí ó tọ́ kí a rí ni èyí tí àwọn ọ̀dọ́ yóò ti ṣe ohun gbogbo tí ẹlẹ́tàn pàṣẹ, tí ilẹ̀ yóò mọ́, tí kò ní sí owó kankan nínú àpótí, àfi òkú ní ilẹ̀ àti ìyá òkú ní ẹnu ọ̀nà tí ń bèèrè ọmọ rẹ̀. Ìran bẹ́ẹ̀ yóò dẹ́rù bani ju ọgọ́rùn-ún idà lọ, kò sì ní nílò ẹ̀jẹ̀ púpọ̀. Àwọn baba Òṣogbo mọ̀ pé igbá tí a bò ni ó wúwo jù.

Ti àwọn àgbà ilé ni èkejì. Ọmọ ọdún méjìdínlógún tí kò ní iṣẹ́, tí ó gbé ọkọ̀ wọlé ní ọ̀sán gangan, kò yẹ kí àdúrà jẹ́ ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí bàbá rẹ̀ yóò sọ. Ìbéèrè ni. Ibo ni ó ti rí i? Ta ni ó bá ṣiṣẹ́? Àṣà òṣómàáló kò ní ohun tí ó ṣòro nínú ju èyí lọ: kí a lè sọ bí owó ti dé, kí a sì lè sọ ọ́ ní gbangba. Ìyá tí ó gba aṣọ olówó iyebíye lọ́wọ́ ọmọ láìbèèrè orísun rẹ̀ ti jókòó síbi fíìmù náà pẹ̀lú ọmọ rẹ̀, ó sì ti pàtẹ́wọ́ kí ìjìyà tó dé.

Ẹ̀kẹta, kí a má fi ọmọ sílẹ̀ fún fóònù nìkan. Kò sí ẹni tí ó lè dá ayé padà sí ìgbà tí fóònù kò sí, kò sì sí ìdí tí a ó fi fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n àlọ́ kì í ṣe ohun tí a ń dá gbọ́. Bí ọmọ bá wo nǹkan, kí àgbà wà nítòsí tí yóò sọ ìdí rẹ̀ fún un, tí yóò sì sọ gbangba pé irọ́ ni ògùn owó, kì í ṣe pé ó léwu nìkan. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ọjà ti kó wọ inú fóònù báyìí. Ibẹ̀ náà ni ó yẹ kí àgbà tẹ̀ lé ọmọ dé.